Iyán Tí Mo Jẹ Tán

Òórùn iṣu tó ń hó lórí ààrò igi, tó bá pàdé òórùn sìmẹ́ǹtì tútù lára ẹ̀wù mi, ìyẹn ni Àbújá tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti da ọ̀dà sí títì Maitama kò lè mọ̀ ọ́n. Igbó àti iyẹ̀pẹ̀ pupa ni gbogbo ibẹ̀ nígbà tí mo dé, èmi yìí sì wà lára àwọn tó mọ ògiri rẹ̀. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí mo bá to búlọ́ọ̀kù, òyìnbó tó ń bójú tó wa kì í fi okùn wọ̀n ọ́n mọ́. Yóò kàn wò ó, yóò kọjá lọ.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, nígbà tí a gba ààwẹ̀ Ràmàdáànù tán, mo rí i pé ara mi fúyẹ́, oorun mi sì dára. Mo ní kí ló dé tí mo fi máa padà sídìí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo bá sọ ọ́ di àṣà: láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, omi nìkan, tí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, kí n jẹun ẹ̀ẹ̀kan, ó parí. Kò sí dókítà tó kọ́ mi. Bí àwọn yòókù bá jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, èmi á wà lórí ògiri, màá máa fi wọ́n ṣẹ̀sín. "Ẹ jẹun dáadáa o, ẹ̀yin aláboyún." Wọ́n á ní, "Kai, irin ni ọkùnrin yìí." Orí mi á wú.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan, ọ̀rẹ́ mi, ni mo ti ń jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo náà. Ará ìhà Kábbà ni. A jọ gba yàrá nínú àgbàlá kan ní abúlé lápá Kado, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mi ò tíì mú ìyàwó tèmi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló bá ní kí n má wulẹ̀ dáná, kí n wá máa bá òun jẹun. Mi ò jẹ ọ̀fẹ́ o. Mò ń gbé iṣu méjì wá lọ́jọ́ ọjà, mo sì ka ìyẹn sí oore ńlá. Ìyàwó rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Òun ló ń gún iyán, á kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kan, á gbé e síwájú àwa méjèèjì, á padà sẹ́yìn ilé. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: ohun tí ọkùnrin bá jẹ kù ni obìnrin ń jẹ. Nílé tiwa náà, bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn rò ó rí ni.

Ọ̀rẹ́ mi á bu òkèlè mẹ́rin, márùn-ún, á fọwọ́.

"Mo yó."

"O yó? Ìwọ tí o jẹ àkàrà láàárọ̀, tí o jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, àyè wo ló kù nínú ẹ? Wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun."

"Ìwọ ṣáà ní ikùn bíi kànga," á wí bẹ́ẹ̀, á sì wo ọ̀nà ẹ̀yìn ilé.

Òkèlè ìkẹyìn ni mo fi ń nu abọ́ náà títí á fi máa dán. Ọmọ á máa ké lẹ́yìn ilé. Èmi á pariwo láti ibi tí mo jókòó sí pé, "Ìyàwó wa, ọmọ rẹ yìí fẹ́ máa jẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bíi bàbá ẹ̀. Gbé e wá kí n kọ́ ọ láàwẹ̀." Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í gùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, mo jẹun tán, mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, kò sí omi nínú kẹ́tùlù mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé wọn lọ síbi ìkòkò omi tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Ushafa. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó gbé odó sáàárín orúnkún, ó ń fi ṣíbí ha ìyókù iyán tó gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Ó bu omi sí i, ó ṣàn án yíká, ó sì mu ún. Ọmọ á fa ọmú, á jù ú sílẹ̀, á ké, á tún fà á. Abọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe rí mi, ó fi etí ìró nu ẹnu, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Iyán ti tán. Mi ò mọ̀ pé kò ní tó yín."

Ó rò pé mo wá gba sí i ni.

"Omi ni mo wá bù," ni mo wí. Mo bu ún, ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo parí àlùwàlá yẹn. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọ̀rẹ́ mi kì í yó. Ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ni, èmi ni mò ń gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin náà ló ń gbààwẹ̀ nínú ilé yẹn, ààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu, kò sì sẹ́ni tó pè é ní irin. Bàbá mi kì í yé sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi a máa dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo bu òkèlè mẹ́ta, mo fọwọ́.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Mo yó."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí títí. Ó bu ẹyọ kan sí i, òun náà fọwọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbé abọ́. Obìnrin náà wo iyán tó kù, ó wò mí, ó gbé abọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, orin tó ń kọ fún ọmọ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ilé lásìkò tí igbe máa ń wà.

Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ lórí ògiri títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò rí ẹnu sọ pé, "Ìyàwó wa, forí jì mí." Iṣẹ́ gbé wọn lọ síbòmíràn, ọ̀rọ̀ náà kù sí mi lọ́rùn. Ọmọ yẹn á ti dàgbà báyìí.

Mo ṣì ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ara mi sì le ju ti ẹgbẹ́ mi lọ, ẹ bi wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan abọ́ níbikíbi, mo gbọ́dọ̀ béèrè pé, "Ta ni kò tíì jẹun?" Àwọn ọmọ mi rò pé inú rere ni. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí obìnrin kan má tún kúnlẹ̀ bẹ̀ mí nítorí oúnjẹ rẹ̀ tí mo jẹ.