Náfílà Tí A Fi Yan Iṣẹ́ Lódì ní Mẹ́kà

Ọdún tí wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn Mẹ́kà gbayawu fún àwọn aláláàjì lẹ́yìn àrùn Kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Háájì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìrírí àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti gbọ́ nípa ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n fi sun táyà, tí wọ́n fi kọrin dí títì. Tiwa kò ní táyà, kò sì ní orin. Ìrun ni a fi ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i, nígbà tí mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe sí i mọ́.

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà, mo máa ń gun orí tábìlì láti ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé epo rọ̀bì ló ń bọ́ ilẹ̀ Saudi. Mi ò tíì débẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dá mi lójú. Ìgbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà ni ojú mi là. Lóòótọ́, epo wà ní ìlà oòrùn wọn. Ilé ìfọpo àti èbúté wà létí Òkun Pupa, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí Jeddah lè rí nǹkan mu. Ṣùgbọ́n ní Mẹ́kà, àlejò Ọlọ́run ni wọ́n ń wà jáde. Kò la gbígbẹ́ ilẹ̀ lọ. Bàálù á já wọn sílẹ̀ ní Jeddah, bọ́ọ̀sì á kó wọn wá, hòtẹ́ẹ̀lì á gbà wọ́n.

Ìjọba wá gbé ètò kan jáde pé orílẹ̀-èdè náà kò ní gbára lé epo nìkan mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ọrọ̀ ajé ya àwòrán rẹ̀, ó dára púpọ̀. Ilé gíga wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, òkun náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn nìkan ni mi ò rí.

Àwa là ń fọ̀ ọ́. Iléeṣẹ́ kan gbà wá láti máa tún àwọn yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ní Al-Aziziyah. Èmi ni ògbufọ̀ láàárín ọ̀gá àgbà, tí a ń pè ní mùdíírì, àti àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Al-Sharafiyah ní Jeddah, Àlàájì Jímọ̀, ará Ọ̀ffà, ló sì ń fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ sí Mẹ́kà láràárọ̀.

Ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Mẹ́kà gan-an ni Ṣàkírù. Jarwal ni wọ́n bí i sí, lẹ́bàá Mọ́sálásí Ńlá. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Ráfátù, bá àwọn òbí tirẹ̀ wá ṣe Háájì láti Ìlọrin nígbà tó wà lọ́mọdé, wọn ò sì padà mọ́. Ṣàkírù kò dé Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni ìwé rẹ̀ ń pè é. Ó ń gbọ́ Yorùbá inú ilé, ó sì há gbogbo Àlùkùránì sórí.

Ìròyìn dé pé lẹ́yìn Háájì, iléeṣẹ́ náà máa kó wa dànù, pé àwọn mìíràn ń kó ẹ̀rọ bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ni kafíìlì rẹ, òun ló ń dúró fún ọ níwájú ìjọba. Bó bá fún ọ ní tánásúlù, ìyẹn ìwé ìtúsílẹ̀, wàá lè lọ sábẹ́ kafíìlì mìíràn. Bí kò bá fún ọ, wàá lọ sílé. Mùdíírì ní òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ilé ni àwa tó kù máa lọ. Ṣàkírù ní tirẹ̀ máa kúrò nílé, á sì fi ìyá arúgbó kan sílẹ̀ tí kò ní ọmọ mìíràn.

Inú bọ́ọ̀sì Àlàájì Jímọ̀, níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, la ti bá Ṣàkírù ṣèpàdé. Mo ti yan alága, igbákejì alága àti olùdarí ìpolongo kí n tó rántí pé àwa mẹ́ta péré la jókòó síbẹ̀.

"Kọ́múréédì, fara balẹ̀," ni Àlàájì Jímọ̀ wí. "Èyí kì í ṣe géètì yunifásítì o. Ẹni tó bá ní òun ò ṣiṣẹ́ níbí, kó yáa lọ di ẹrù rẹ̀."

Ṣàkírù ní, "Ẹ̀gbọ́n, wállàhi, kò sí mùdíírì tó máa sọ fún ẹni tó ń kírun pé kó dìde. Ojú á tì í."

"Ìwọ á sì máa kírun títí di ìgbà wo?"

"Tí a bá kí Àìlà ọ̀sán tán, a máa bọ́ sí náfílà, ìrun àfikún tí kò ní òdiwọ̀n. Èmi á ṣíwájú, mà á bẹ̀rẹ̀ Súrà Bákárà, èyí tó gùn jù, láti òkè délẹ̀. Bí a bá wà lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa parí ṣáájú ẹnì kejì, wọn ò sì ní lè máa fà wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan."

Àlàájì Jímọ̀ wò ó. "Ọmọ Ìlọrin tí ò tíì fojú kan Ìlọrin! Ọgbọ́n wọn wà lórí ẹ ṣá."

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ṣé a lè kí náfílà ọ̀sán ní jámáà, lẹ́yìn lèmọ́mù? Ṣé a máa ké e sókè ni àbí a máa kà á sínú? Mo kó èrò àwọn onímọ̀ òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, inú mi dùn débi pé mo ń juwọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní nǹkan tí mo mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn òṣìṣẹ́ kí Àìlà tán nínú mọ́sálásí kékeré tó wà lábẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, Ṣàkírù sì gbọ́wọ́ sókè. Ará Bangladesh, ará Sudan, ará Nàìjíríà, gbogbo wọn tò sẹ́yìn rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí èmi ni mo máa jíṣẹ́.

Mùdíírì sáré sọ̀ kalẹ̀. Lókè, àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jeddah jókòó lórí àpótí wọn, kò sí yàrá kankan tí a ti tẹ́.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Náfílà ni, ọ̀gá."

"Kí ni wọ́n ń tọrọ?"

"Tánásúlù."

"Lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

"Ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá da ìrun òtòṣì rú kò ní gbádùn ojú aládùúgbò. Àwọn àlejò ti ń pariwo. Ó nu ojú, ó ní, "Sọ fún wọn pé mà á fún ìdajì wọn." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn, nínú gbogbo ìjà tí mo ti bá wọn dá sí láyé mi, tí mo rò pé a ti borí.

Ìgbà náà ni àfáà tí mùdíírì ti pè lórí fóònù wọlé, àgbàlagbà oníwà tútù. Ó wo àwọn tó tò, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Kí lẹ ń sáré sí?" ó bi mùdíírì. "Àlàásárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn Àlàásárì, kò sí náfílà títí oòrùn á fi wọ̀."

Ọmọ kéú ọdún méje mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣàkírù mọ̀, Àlàájì Jímọ̀ mọ̀, èmi tí mo gboyè lórí rẹ̀ mọ̀. Nínú gbogbo iyàn tí a jà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. A ti yan iṣẹ́ lódì tán, a sì ti fi òfin Ọlọ́run mú aago tó máa parí rẹ̀.

Mùdíírì jókòó tì í. Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá fún àfáà.

Nígbà tí wọ́n sálámà, tí náfílà parí, àfáà fúnra rẹ̀ rọ Ṣàkírù pé kó ṣíwájú fún Àlàásárì, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kí i tán. Kò sí ibi tí a lè sá wọ̀ mọ́. Mùdíírì bọ́ bàtà, ó wọlé, ó di ọwọ́ Ṣàkírù mú tìfẹ́tìfẹ́.

"Má ṣáà Allah! Irú sùúrù wo lèyí! Kí lorúkọ rẹ, lèmọ́mù wa?"

Ṣàkírù sọ orúkọ rẹ̀, ó fi ti bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ kún un, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Àwọn yòókù ti ń gun àtẹ̀gùn lọ tẹ́ ibùsùn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ló tún máa to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí á gbé olórí rẹ̀ síwájú níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa ṣì í mọ̀?

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni wọ́n fagi lé ìwé ìgbélùú rẹ̀. Àlàájì Jímọ̀ ni wọ́n ní kó gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Jeddah, èmi sì tẹ̀ lé wọn.

"Àlàájì, báwo ni Ìlọrin ṣe rí?" Ṣàkírù bi í.

"Ó gbóná," ni Àlàájì Jímọ̀ fèsì, kò wẹ̀yìn. "Á bá ẹ lára mu."

Ẹ máa ń bi mí pé kí la rí gbà. A rí ilẹ̀kùn irin gbà: iléeṣẹ́ náà gbé e sí mọ́sálásí abẹ́ ilé, wọ́n sì ń tì í bí ìrun bá ti parí. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó tò kò rí tánásúlù. Èmi rí i, nítorí iléeṣẹ́ mìíràn ń wá ògbufọ̀, mo sì gbà á. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ti dé, aṣọ ibùsùn funfun báláú. Ètò ìjọba ń lọ dáadáa. Gbèsè kan tó ṣì wà nílẹ̀ ni èyí tí a jẹ ìyá kan ní Jarwal, mi ò sì mọ ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀.

Òfin kò gbà kí Ṣàkírù padà wá ṣiṣẹ́. Kò dí i lọ́wọ́ ìsìn ṣá. Lọ́dún tó kọjá, ó bá àwọn ará Ìlọrin wá ṣe Úmúrà, gbogbo wọn nínú aṣọ kan náà. Afinimọ̀nà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òkè-Ọ̀nà tó ń mú àsíá kékeré dání, ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe kúrò láàárín èrò, kó má baà sọnù ní Mẹ́kà. Al-Aziziyah ni wọ́n wọ̀ sí. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ kí ìyá rẹ̀, tí ó sì ń padà lọ sùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo mú Àlàájà Ráfátù wá síwájú hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣàkírù ti wọnú bọ́ọ̀sì. Màmá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ọmọ mi, èyí tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ọmọ Jarwal ni," ó wí fún afinimọ̀nà. "Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀."

Afinimọ̀nà náà tẹríba fún un dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

"Ẹ má bínú, Àlàájà," ó ní. "Iye tí a kó wá la gbọ́dọ̀ kó padà."