Orin Apànìyàn Tí Joel Kọ Lẹ́wọ̀n

Ní ọdún 2005, Joel Ọmọ́jọlá sọ fún gbogbo ayé pé òun ti pa ènìyàn mọ́kànlá. Orin ló fi sọ ọ́, nínú yàrá abẹ́ ilé bàbá rẹ̀ ní Adelphi, ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Títí di ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé Joel gbìyànjú láti pa ni eku kan tó wọ yàrá ọ̀hún, kò sì rí i pa. Orí àga ló gùn, ibẹ̀ ló ti tẹ ìyá rẹ̀ láago níbi iṣẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé kíá.

Mo mọ ìdílé náà dáadáa, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà la jọ ń lọ. Felix, bàbá Joel, jẹ́ ẹnjiníà omi ẹ̀rọ, ọkùnrin tó ń de táì lọ ra búrẹ́dì. Felicia, ìyá rẹ̀, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, wákàtí méjìlá méjìlá ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀. Wọ́n rán Joel lọ sí ilé ìwé gidi, wọ́n ra fèrè òyìnbó fún un, wọ́n sì tọ́jú ikọ́ fée rẹ̀ débi pé ínhélà mẹ́ta ló máa ń wà nílé. Ìyà kankan ò jẹ ọmọ náà rí, ohun tó sì ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Gbogbo olórin tó fẹ́ràn ló ti rí ìbọn, wọ́n ti rí ẹ̀wọ̀n. Òun ò rí nǹkan kan ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi lọ. Ló bá fi yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún kejì, ó sọ ara rẹ̀ ní Mọ́ṣúárì Jay.

"Mọ́ṣúárì?" ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́. "Ṣé o ti dé mọ́ṣúárì rí?"

"Orúkọ lásán ni, Mọ́mì."

"Èmi máa ń gbé òkú lọ síbẹ̀. Òtútù pọ̀ níbẹ̀. O ò ní lè dúró."

Ìbátan wọn kan, Jesse, ń gbé lọ́dọ̀ wọn nínú yàrá abẹ́ ilé yẹn. Òun ló ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, ó sì ń fọ mọ́tò fún ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò ní Oxon Hill. Nígbà tó ku fọ́tò tí wọ́n máa fi síwájú àwo orin, Joel ní òun ò lè dúró ti mọ́tò tí bàbá òun fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jesse bá wa jíìpù dúdú kan jáde nínú ọgbà ọ̀gá rẹ̀ láìtọrọ. Joel ra ìbọn ìṣeré ọmọdé, èyí tó ń tu omi, ó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ Sátidé, níwájú ilé ìtajà ńlá kan, ó gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò olómọ́tò, ó na ìbọn olómi sí àwọn abiyamọ tó ń ti ẹrù ọjà wọn lọ. Ta ni ò ní pe ọlọ́pàá?

Nígbà tí Joel gbọ́ fèrè ọlọ́pàá, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ṣòkòtò tó so sí ìsàlẹ̀ ìdí ò jẹ́ kó sá jìnnà. Ó já dé orúnkún, ó sì gbé olówó rẹ̀ ṣubú lórí kọ̀ǹkéré. Ọlọ́pàá tó mú un ló bá a fa ṣòkòtò sókè kó tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní kóòtù, Jesse sunkún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún adájọ́ obìnrin tí ò rí irú rẹ̀ rí, ọ̀gá rẹ̀ náà sì bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ó wá kan Joel. Lọ́yà ti kọ gbólóhùn kan sórí ìwé fún un: "Mo ṣe àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Joel bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́ta tó wá wòran, ó bá gbé àyà síwájú.

"Mi ò kábàámọ̀ ohunkóhun," ló wí.

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Kò burú," ni ó wí. "Lọ fi oṣù mẹ́sàn-án wá àbámọ̀ ọ̀hún."

Báyìí ni Joel ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ ra ẹ̀wọ̀n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Felix ò jẹ́ ká bèèrè kó tó sọ̀rọ̀. "Joel ti lọ sí Texas," ló wí lẹ́yìn ìsìn. "Iṣẹ́ ìwádìí ni. Ó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé." Ọmọ tí ò parí ọdún kejì! Felicia ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, Màmá Oyèníkẹ́, gbàdúrà gígùn kan lé Texas lórí. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í bèèrè ọmọ náà. "Ṣé ooru Texas ò pọ̀ jù fún un?" "Ṣé ó ń rí iṣu rà níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ ibi tí Joel wà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà, nítorí pé wọ́n mú òun náà pé ó sáré mọ́tò jù, ọjọ́ kejì lọ̀rọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin. Èmi fúnra mi bèèrè ooru yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní purọ́.

Nínú ẹ̀wọ̀n, Joel rò pé òun ti dé àárín àwọn ènìyàn òun. Àwọn ènìyàn ọ̀hún ò rò bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà kan tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, tó ti ń wọ ẹ̀wọ̀n jáde láti ìgbà èwe, bi í pé kí ló gbé e wá. Joel ní ọ̀rọ̀ ìbọn ni.

"Irú ìbọn wo?"

Joel ní ti omi ni. Kí wọ́n tó pín oúnjẹ ọ̀sán, orúkọ tí gbogbo wọn ń pè é ni Olómi.

Síbẹ̀ ó ti pinnu. Bí olórin bá ṣe àwo orin gangsta, orin àwọn jàǹdùkú, láti inú ẹ̀wọ̀n, ta ló tún lè sọ pé irọ́ ló ń pa? Lójoojúmọ́, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á tẹ fóònù ilé wọn. Jesse á gbé e nínú yàrá abẹ́ ilé, á so wáyà mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà á sì máa gba ohùn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìpè kan. Joel á máa ka àwọn tó ti pa lọ́kọ̀ọ̀kan; lójijì, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ á já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìpè yìí ti ń wá. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á sì máa pariwo pé kó lọ pa ìyókù lọ́la, àwọn náà fẹ́ bá ìyàwó àwọn sọ̀rọ̀.

Ó ti ṣe orin mẹ́jọ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta ọdún 2006, Felicia tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ó gbé fóònù kíṣìnì, tó wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú ti abẹ́ ilé, pé òun fẹ́ pe àbúrò òun, ló bá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń sọ pé òun yìnbọn lu ọmọkùnrin kan, òun sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kú lọ.

"Joel! Ta lo pa?"

Orin dúró. "Mọ́mì, gbé fóònù sílẹ̀." Yorùbá Joel ò ní "ẹ" nínú.

"Mo ní ta lo pa? Dárúkọ rẹ̀!"

"Orin ni! O ń ba orin mi jẹ́."

"Orin! Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan wá bá wa lánàá, ìbọn ti bà á níkùn. Ṣé o mọ ohun tó ń sọ? Omi ló ń bèèrè. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pè mí ní Mọ́mì, èmi tí ò mọ̀ rí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Joel. Ta ló wá ń rẹ́rìn-ín nínú orin tìẹ?"

Obìnrin inú ẹ̀rọ wọlé pé ó ku ìṣẹ́jú kan.

"Ìwọ náà dákẹ́!" ni Felicia wí fún un. "Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Joel, ṣé o ń rí ínhélà rẹ lò?"

"Yes, Mọ́mì."

"Ṣé o ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ aṣọ?"

"Yes, Mọ́mì." Ìpè náà sì já.

Aláìgbọ́ràn ni Jesse, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣí. Kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ìlù ló fi sábẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ di orin kẹsàn-án. Ó ṣe igba àwo, ó pín wọn káàkiri ṣọ́ọ̀bù àwọn onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń gẹrun láti Adelphi títí dé Oxon Hill. Orin mẹ́jọ àkọ́kọ́ ò rí olùgbọ́. Àwọn onígẹ̀rígẹ̀rí á fò ó kọjá sí ìkẹsàn-án. Àwọn ọmọ wa tí ò lè kí ènìyàn káàárọ̀ ní Yorùbá mọ "Ta lo pa?" lórí. Àwọn aládùúgbò wa tí wọn kì í ṣe Yorùbá ní ká túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n ní ìyá ìyá àwọn gan-an nìyẹn. Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò pẹ́, ó di ohun tí fóònù fi ń dún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, Fíkà wa ń wàásù lórí ahọ́n iná, ni nǹkan bá dún nínú báàgì kan: "Joel! Ta lo pa?"

Felicia, tó jókòó ní ìlà kẹta, fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀. Màmá Oyèníkẹ́ ń tú báàgì rẹ̀, kò rí fóònù. Ó tún dún: "Mo ní ta lo pa? Dárúkọ rẹ̀!" Ọmọ kékeré kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé kò pa ẹnì kankan. Ẹgbẹ́ akọrin tú sẹ́rìn-ín. Fíkà fi áńkáṣíìfù bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Oyèníkẹ́ sáré wá. "Ìyá Joel, ẹ má bínú. Ọmọ mi ló fi sórí fóònù mi."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Mà," ni Felicia wí. "Ṣé láti Texas lẹ ti rí i?"

Gbogbo wa la ń wo ilẹ̀. Felix tú táì rẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n ni ọmọ wa wà," ló wí. Kò sẹ́ni tó ṣe háà. A ti sọ ọ́ láàárín ara wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàlẹ́nu ti tán nílẹ̀.

Joel jáde ní oṣù kẹjọ, ó sì bá òkìkí nílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pè é wá ṣeré ní College Park, gbọ̀ngàn kún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn nínú orin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnì kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé: "Mama! Mama!" Ìyá rẹ̀ ni wọ́n wá wò.

Ó délé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń lọ aṣọ iṣẹ́. "Mọ́mì, jọ̀ọ́, wá bá mi ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ọmọ tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ kọ́ ni màá fi ṣeré, Joel."

Joel fa àga, ó jókòó. "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Òfin ò gbà wá láyè láti sọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi nígbà tó yá pé nínú gbogbo òkú tí ọmọ òun ti kọ nínú orin, ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ó di mímọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó kọ orin ìfẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó kọ orin ẹ̀mí, Fíkà bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Nígbà tí wọ́n ṣí National Harbor, ibi ìgbafẹ́ tuntun létí odò, ní ọdún 2008, hòtẹ́ẹ̀lì kan gbà á pé kó máa to máìkì fún àwọn tó ń ṣèpàdé. Mo lọ sí ìpàdé kan níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Joel gun orí pèpéle, ó gbé máìkì sẹ́nu. "Ọ̀kan, èjì," ló wí ní èdè òyìnbó, "ọ̀kan, èjì." Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe yíjú sí i nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìyá rẹ̀. Ó kí wa káàárọ̀, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá òsì, ó sì sọ̀ kalẹ̀.