Àmì Pupa Tí Fọlákẹ́mi Kò Fi Sí I

Bí ẹ bá béèrè Nọ́ọ̀sì Àpọ́nlé ní Ìgbòho, wọn á kọ́kọ́ bi yín léèrè pé, "Ìyá Tìmílẹ́yìn tó le koko bí ojú ẹja yẹn?" Ó le lóòótọ́, n ò ní purọ́. Òun ló ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà káàkiri àwọn abúlé, ó sì nídìí tó fi le.

Lórí Wáásáàpù ni wọ́n ti ń jíṣẹ́ fún un. Tẹ́lẹ̀, ọjà gbáà ni ibẹ̀: àdúrà òwúrọ̀, òdòdó, kéèkì ọjọ́ ìbí, ẹni tó ń ta òkìrìkà. Ìgbà tí ejò bu ọmọ kan ṣán lóko, àárín "ẹ kú oríire" ni ìròyìn rẹ̀ sọnù sí. Ọpẹ́lọpẹ́ orí ọmọ náà ni kò kú. Ni Àpọ́nlé bá ṣòfin ìmójì. Àmì roboto pupa: ẹ̀mí fẹ́ bọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀. Yẹ́lò: ó lè dúró títí a ó fi ṣíwọ́. Gíríìnì: ó ti parí. Àní ó fi wọ́n sí orí àwọn fáìlì inú kọ̀ǹpútà pàápàá. Ẹni tó bá ṣì wọ́n lò, ó wọ gàù! Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ìròyìn kankan ò sọnù mọ́.

Fọlákẹ́mi wọ gàù náà lẹ́ẹ̀kan. Òun nìkan ni òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé kan tó jìn sí títì, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í gbó àgbà lẹ́nu. Àpọ́nlé fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ rí. Ibọ̀wọ́ ló tán lọ́wọ́ ọmọ náà, ló bá fi àmì pupa sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àpọ́nlé dá a lóhùn lójú gbogbo ẹgbẹ́: "Fọlákẹ́mi, ṣé ibọ̀wọ́ ló ń rọbí ni? Pupa ti aláìsàn ni, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ náà tọrọ àforíjì.

Nígbà tó yá, Fọlákẹ́mi lóyún. Oyún náà ti wọ oṣù keje, ọkọ rẹ̀ sì wà ní oko iṣu níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀gá láti Ìbàdàn wà lọ́fíìsì Àpọ́nlé, wọ́n ń yẹ ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára wò. Fóònù dún. Fọlákẹ́mi ló kọ̀wé sí i, òun nìkan, kì í ṣe sí gbogbo ẹgbẹ́. Yẹ́lò ló fi sí i. Àpọ́nlé dojú fóònù dé, torí yẹ́lò lè dúró.

Ó sì dúró. Ọlọ́run mi ò, ó dúró títí àwọn àlejò fi jẹun tán!

Nígbà tó ṣí i, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọmọ náà. Ó pè é, kò gbé e. Ó pe Samsudeen, ọlọ́kadà tó máa ń gbé aláìsàn fún wọn, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n bá a. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọn ò tíì gbé e dé Ṣakí tí òun àti ọmọ inú rẹ̀ fi kú.

Lórí Wáásáàpù, gbogbo ẹgbẹ́ ń fi ojú tó ń sunkún ránṣẹ́. Àwọn ojú náà ń bí Àpọ́nlé nínú, inú ara rẹ̀ ló sì ń bí i jù. Kò sọ fún ẹnì kankan pé òun rí ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá Fọlákẹ́mi wá láti Ìlúà, ó wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Ó yà kí Àpọ́nlé lọ́fíìsì. "Ẹ ṣeun mà," ó ní. "Ọmọ mi máa ń sọ pé ẹ̀yin ni ìyá òun níbí."

Ì bá kàn sọ pé kò tọ́pẹ́, kí obìnrin náà máa lọ. Kò lè ṣe é.

"Màmá, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kọ̀wé sí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí i, mi ò ṣí i. Àmì tó fi sí i ni mo wò."

Ìyá náà sún mọ́ ọn. Kò mọ̀wé. "Kí ló kọ?"

Àpọ́nlé mú fóònù, ó kà á: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mà, ẹ má bínú. Inú ń run mí láti òru, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi rán Samsudeen wá. Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣé mà."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Nígbà tó kà á tán, ìyá náà ti fi etí ìró rẹ̀ bo ẹnu.

"Ó ń kú lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé kó má yọ àgbà lẹ́nu."

Àpọ́nlé fẹ́ sọ pé tòun ni ẹ̀bi. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún.