Ojú Ìwé Mẹ́wàá Àkọ́kọ́

Mo gba oyè másítàs nínú ìmọ̀ ìtọ́jú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, torí èmi tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé ni mo fi ẹnu ara mi jó ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ráúráú ní Èsìé. Mi ò ṣáná sí i o. Mi ò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi mí, ohun tí mo ń sọ fún un nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá tó ni àwọn ìwé náà jẹ́ àbúrò ìyá ìyá mi. Wolé-wolé ni wọ́n nígbà iṣẹ́ ìjọba: wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀mù-Àrán lọ sí Òrò, wọ́n á yọjú wo ìkòkò omi onílé, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn tì, ọwọ́ wọn kò fẹ̀yìn tì. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni wọ́n ń rà, wọ́n á fi báírò kọ ọ́ kún, wọ́n á tò ó sínú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, ẹni tó kúrò nílé, ẹni tó padà dé, ibi tí ààlà oko gbà, ọmọ tí wọ́n bí, ọmọ tó kú. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹnu Ìgbómìnà pọ́nbélé, kì í ṣe Yorùbá tí àwọn tíṣà fi ń nà wá.

Mo ti mọ àpótí yẹn láti kékeré. Màmá, ìyàwó Bàbá, kò mọ̀wé kà rárá. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án, tí Bàbá bá ti lọ sóko, Màmá á pè mí wọ yàrá, wọ́n á fa ìwé kan yọ, èyí aláwọ̀ búlúù tí àmì ìdí ife tíì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á ṣí i sí àárín gbùngbùn láì wá a kiri, wọ́n á ní kí n kà á sí àwọn létí. Orúkọ ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ọjọ́ tí wọ́n lọ. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn kò pé ọmọ ọdún méjì. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ ọmọ tó kú ní kékeré sí ìyá rẹ̀ létí, ìyá fúnra rẹ̀ kì í sì í pè é. Wọ́n á ní kó gbé e kúrò lọ́kàn, kó lè bí òmíràn. Màmá sì bí òmíràn, wọ́n bí mẹ́rin, gbogbo wọn wà ní Èkó. Inú ìwé búlúù yẹn nìkan ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wà. Tí mo bá kà á tán, Màmá á ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi," wọ́n á bu ẹ̀pà fún mi. Ọmọdé ni mí, ẹ̀pà ni mo ń retí. Títí dòní mo rántí bí ẹ̀pà yẹn ṣe rí lẹ́nu, mi ò sì rántí ọ̀kan ṣoṣo nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí mo dé yunifásítì fún másítàs, tí wọ́n ní kí kálukú mú ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí wá, mo ní mo mọ àpótí ìwé kan. Inú ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi dùn débi pé ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbọ́. Ìgbà yẹn, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju kíkó ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n ó fún mi ní òfin: ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan àti ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àpẹẹrẹ là ń kó, ó ní àlàyé tí mo bá ṣe nípa ìwé ni wọ́n máa fún mi ní máàkì lé lórí, kì í ṣe ìwé ọ̀hún. Ó yẹ kí n bá a jiyàn. Mi ò jiyàn. Mo fẹ́ parí ni, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán àwọn ìwé náà ní Èsìé. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ kápẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa la fi ṣe é. Ojú Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà yẹn. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń fi aṣọ nu ìwé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó nà án sí mi, wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn, inú wọn ń dùn. Lọ́jọ́ kẹta, tí mọ́tò Ọ̀mù-Àrán ti ń fọn fèrè lójú títì, Bàbá ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀?"

Ó ti rẹ̀ mí. Tí n bá ní kí n máa ṣàlàyé àpẹẹrẹ àti máàkì fún arúgbó, mọ́tò á lọ. Mo sì ti pinnu pé tí mo bá gboyè tán, màá padà wá ya ìyókù. Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà, Bàbá. Ikán ò lè jẹ ẹ́ mọ́."

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di igbá ẹ̀gúsí mú. Wọ́n ní, "Títí kan aláwọ̀ búlúù?"

Mo ní, "Títí kan aláwọ̀ búlúù, Màmá."

Ọdún yẹn ò tíì parí tí Bàbá fi kú. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ bó ṣe máa ń rí: tí arúgbó bá kú, àwọn ọmọ á ti Èkó dé, wọ́n á kun ilé, wọ́n á pààrọ̀ àjà, wọ́n á ṣe fún àlejò ohun tí olóògbé tọrọ títí kó tó kú. Ohunkóhun tó bá ti gbó, ẹ̀yìnkùlé. Ẹní, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ oko, àpótí páànù. Àbíkẹ́yìn wọn lóbìnrin ló sọ èyí fún mi: ó ní òun mú ìwé kan dání, òun bi Màmá pé ṣé kí àwọn fi èyí sílẹ̀. Màmá ní rárá, pé ọmọ àwọn ní yunifásítì ti kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbi tí ikán ò lè dé. Màmá fúnra wọn ló gbé aláwọ̀ búlúù jáde. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ sínú iná tí wọ́n dá lẹ́yìnkùlé.

Àpótí nìkan ni wọn ò jó. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n da yìnyín sí i, wọ́n kó mínírà sí i fún àwọn tó wá síbi ìsìnkú. Mo mu ìgò kan níbẹ̀ kí n tó mọ àpótí tí ó jẹ́.

Mo padà sí yunifásítì, mo gbé iṣẹ́ mi síwájú ìgbìmọ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ìwé náà wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Mo mọ̀ pé eérú ni wọ́n, mi ò yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà ní mo ti gba ogún ìran kan là. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbólóhùn yẹn ṣì wà nínú láíbìrì, wọ́n fi lẹ́tà wúrà kọ orúkọ mi sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ mi, ojú ń tì mí títí dòní.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí Èsìé. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dà tuntun ti ń bó lára ògiri lẹ́yìn wọn. Wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní, "Ṣí i fún mi."

Mo ṣí i. Ẹ̀yìn ìwé búlúù jáde, ó mọ́lẹ̀ kedere, àmì ife tíì wà lára rẹ̀. Màmá fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà níbi àmì yẹn. Wọ́n ní, "Òun nìyí. Ṣí i sí àárín."

Mo ń ṣí i lọ, ọ̀kan, méjì, títí ó fi di mẹ́wàá. Ìkẹwàá já sáàárín gbólóhùn. Mo ní, "Ó tán, Màmá."

"Kò tán. Ṣí i."

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ òtítọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀, ti òfin ọ̀gá mi, ti mọ́tò tó ń fọn fèrè, ti irọ́ tí mo pa. Mo mú ìwé àti báírò jáde, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ wọn fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ nídìí oúnjẹ. "Ẹnu tèmi?" ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ẹnu mi ò pè wọ́n rí." Wọ́n nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ka èyí tó wà níbẹ̀."

Òjò ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó rọ̀, ọjọ́ tó ṣú tí kò rọ̀, oko ẹni tó rọ̀ dé. Mo ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Màmá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan. Nígbà tí mo kà dé ibi tí gbólóhùn ti já, wọ́n ní, "Ìwé ẹ̀rí tí o ń lé, ṣé wọ́n ti fún ẹ?"

Mo ní, "Wọ́n ti fún mi, Màmá."

"Ó ṣeun, ọmọ mi."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n bu ẹ̀pà wá fún mi. Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́ tán lórí ìjókòó, torí wọ́n ń wò mí.