Khumbo Nyasulu Di Ẹ̀bi Ru Ẹ̀rọ

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ọpọlọ jù ní Zomba ní Malawi, Khumbo Nyasulu ni wọn yóò tọ́ka sí, òun náà yóò sì ti na ọwọ́ sókè kí wọ́n tó tọ́ka. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń dé fìlà oníwáyà lé àwọn ènìyàn lórí ní yàrá ìwádìí. Àmì kan yóò yọ lójú ẹ̀rọ, ẹni náà yóò dúró díẹ̀, tó bá tẹ bọ́tìnnì lásìkò, ó gba ìdì ṣúgà kan. Nínú ìdúró yẹn ni ọpọlọ ti máa ń retí èrè, ìlà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ a sì gun òkè. Ìlà ọ̀pọ̀ àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti dì mú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbéra.

Àràárọ̀ Mọ́ńdè, Nyasulu máa ń kọ́kọ́ dé fìlà náà fúnra rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń yangàn pé orí tí kò nírun, tí kò sì níṣòro, ni Ọlọ́run dìídì dá fún iṣẹ́ yìí.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìlà kọ̀, kò gòkè mọ́. Nyasulu fọ fìlà. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó bú àwọn oníná. Mọ́ńdè mẹ́ta léra, ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ló bá kọ lẹ́tà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n dá àwọn aláìsàn padà sílé títí wọn yóò fi ra òmíràn.

Lusungu, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ka lẹ́tà náà tán. Ó dé fìlà sórí ara rẹ̀, ó ní kí Nyasulu tan ẹ̀rọ. Ìlà gun òkè.

“Obìnrin ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ràn,” Nyasulu wí.

“Bambo, ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin márùn-ún ni tiwọn gòkè lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Wọn ò ní ṣúgà nílé ni. Èmi ní.”

“Ṣúgà ti tán nílé yín. Ìyàwó yín wá tọrọ lọ́wọ́ mi ní Sátidé. Wọ́n ní ẹ kì í jẹ oúnjẹ nsima yín tán mọ́. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ nìkan lẹ ti ń dápàárá.”

Nyasulu fọwọ́ pa orí rẹ̀ tí kò nírun. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òun jókòó ti orí ara rẹ̀ fún Mọ́ńdè mẹ́ta, kò mọ̀ pé olórí ò sí nílé. Bó bá jẹ́ orí ẹlòmíràn ni, ì bá ti sáré pe dókítà. Ojú tì í.

“Ìlà nìkan kì í sọ èèyàn di aláìsàn,” Lusungu wí, ó sì fa ìwé ìbéèrè yọ. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín bí ẹ ṣe máa ń bi àwọn aláìsàn. Kí ló ń bọ̀ lọ́nà lọ́sẹ̀ yìí?”

“Temwa ọmọ wa ń bọ̀ láti Mzuzu ní Jímọ̀. Ó tó ọdún méjì tí a ti rí i kẹ́yìn.”

“Ṣé inú yín ń dùn?”

“Mo mọ̀ pé ó yẹ kó máa dùn.”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Lusungu tẹ́ ìwé ìbéèrè náà síwájú rẹ̀. Nyasulu fa lẹ́tà rẹ̀ ya, ó gba bírò lọ́wọ́ Lusungu, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí.