Ọ̀gá àti Gbàǹjo

Ọjọ́ tí Bàbá Lẹ́tà ra tábúlẹ́ẹ̀tì, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó dá abẹ dúró lórí oníbàárà, ó ní, “Tábúlẹ́ẹ̀tì kẹ̀, Bàbá? Kí ló ń ṣe yín? Ṣé ibà ni àbí ẹ̀yìn ló ń dùn yín?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ nǹkan náà nínú páálí, ó gbé e sókè. “Èyí kì í ṣe oníhóró. Èèyàn kì í fi omi gbé e mì.” Oníbàárà tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì náà yíjú wò ó.

Àtíìsì ni Bàbá Lẹ́tà. Kì í ṣe èyí tó ń ya òdòdó àti ẹyẹ o, lẹ́tà ni tirẹ̀. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, bí ẹnìkan bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, bí ilé ìwé bá kun ògiri, bí dókítà bá fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ẹnu ọ̀nà òun, òun ni wọ́n ń wá. Kì í lo rúlà. Á dúró síwájú pátákó bí ẹni tó ń bá a ṣàdéhùn, á mí kanlẹ̀, á fa ìlà kan láti òkè délẹ̀, ìlà náà á sì gún gbọọrọ. Ohun mìíràn tó fi ń yangàn ni àmì. Àwọn àtíìsì yòókù kì í ka àmì sí, wọ́n ní ẹni tó bá ń kà á á mọ ohun tí àwọn ní lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò pé wọ́n ń ta ọkọ níbẹ̀, tuntun àti àlòkù. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn obìnrin fi ń yà síbẹ̀ láti béèrè iye tí wọ́n ń ta àlòkù, tí wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n lè gba tàwọn ní pàṣípààrọ̀. Bàbá Lẹ́tà ni wọ́n sáré pè kí ọkọ tó padà di ọkọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà sára rọ́bà dé, iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì dẹnu kọlẹ̀, àpótí ọ̀dà rẹ̀ sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, ló wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi bírò tí kò ní yíǹkì kọ nǹkan sójú gíláàsì. Tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí gbogbo ayé ń fẹ́, tí èèyàn bá gbọ́ iye rẹ̀ á wá àga jókòó. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Ọdún méjì ni Bàbá fi yá Ọ̀gá lò fún àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń rí, lẹ́tà rẹ̀ sì ń jáde lójú rẹ̀ bíi ti ìgbà ọ̀dọ́. Kódà ó máa ń bú ọ̀dà àtijọ́ pé ó fi ìgbà èwe òun ṣòfò.

Àsìkò yìí ni ilé ìtẹ̀wé kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ábídí tuntun fún àwọn ọmọdé, wọn kò sì fẹ́ lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fẹ́, láti A dé Y, ńlá àti kékeré, pẹ̀lú gbogbo àmì wọn, kó sì jẹ́ pé inú tábúlẹ́ẹ̀tì ló máa kọ ọ́ sí. Wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀ sára ìwé náà. Láti ogójì ọdún tó ti ń kọ orúkọ oníṣọ́ọ̀bù àti orúkọ dókítà, kò sí ibi kankan tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí rí. Ó fẹ́ iṣẹ́ yìí dé egungun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó kó lọ, Ọ̀gá á sì bá a lọ.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi lọ ra tirẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta owó Ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sọ ọ́ ní Gbàǹjo.

Inú ọmọ wọn kò dùn sí i rárá. “Bàámi, kí lẹ wá ra èyí fún? Ẹ jókòó ti Ọ̀gá, kẹ́ ẹ parí ẹ̀ kí n tó lọ.”

“Lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Nígbà tó jẹ́ pé mo lè fi odindi ọjọ́ kan wo ikùn B lásán?”

“Èmi ṣáà ń sọ tèmi. Iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ò lè dà bíi ti Ọ̀gá.”

“O ò tíì dán an wò, o ti mọ̀.” Ó ń nu ojú Gbàǹjo pẹ̀lú etí ẹ̀wù rẹ̀. “Èmi fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá ó lè bá Ọ̀gá du ipò.”

Bí ẹ bá mọ Bàbá Lẹ́tà, ẹ ti mọ̀ pé kò ní í sinmi mọ́. Ẹni tó ti tú rédíò mẹ́ta palẹ̀ kó lè mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé ni, méjì nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ìjẹun, ó tẹ́ àwọn méjèèjì sórí rẹ̀. Ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn ìyẹ̀fun, Gbàǹjo ló fúyẹ́ jù. Ó gbé wọn síta nínú oòrùn, ó rí i pé ojú àwọn méjèèjì ṣókùnkùn bákan náà. Ó jẹ́ kí iná wọn tán pátá, Gbàǹjo fi wákàtí kan gbẹ̀yìn Ọ̀gá. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan, ẹ̀rín músẹ́ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbà pé ó kù díẹ̀ kí Ọ̀gá kó ẹrù rẹ̀.

Ìgbà náà ló mú bírò, ó fa ìlà. Lójú Ọ̀gá, ìlà náà gún bó ṣe máa ń gún. Lójú Gbàǹjo, ó rí wúruwùru, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún láti òkè títí délẹ̀. Ó tún un fà, bákan náà ni. Ó kọ Ẹ, ó rọra ki àmì sí abẹ́ rẹ̀. Àmì ti Ọ̀gá rí róbótó. Ti Gbàǹjo nà bí èèrà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Gíláàsì ẹ̀ ni kò dúró,” ni ó sọ. Ó pààrọ̀ ẹnu bírò. Ó gbé e kúrò lórí tábìlì lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn. Ìlà náà kò yéé gbọ̀n. Inú bí i, àmọ́ inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀, nítorí ó ti rí ohun tí yóò tọ pinpin. Ó pinnu láti dá Gbàǹjo padà fún ẹni tó tà á. Àmọ́ ó mọ àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí. Wọ́n á ní ọwọ́ àgbà ni. Ẹ̀rí ló gbọ́dọ̀ kó lọ bá wọn, kí àwọn ọwọ́ mìíràn fa ìlà lójú ohun kan náà, kí wọ́n rí i pé gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà.

Ìyàwó rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nu ọwọ́ tó ṣì ní ọṣẹ sára ìró, ó fa ìlà tirẹ̀, ó sì padà sídìí àwo tó ń fọ̀. Bàbá gbé Gbàǹjo lọ bá onígbàjámọ̀ lódìkejì. Onígbàjámọ̀ fa tirẹ̀ bí ẹni tó ń yọ igun iwájú orí. Ó lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ìyẹn náà fà á láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ káfíńtà tí ayùn ti gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó dá a lójú pé ti ìyẹn ló máa burú jù. Káfíńtà fi ìka mẹ́ta mú bírò, ó yọ ahọ́n síta díẹ̀, ó fà á.

“Ẹ̀yin náà ẹ fa tiyín, Bàbá, kó pé márùn-ún,” ni káfíńtà wí.

Bàbá fa tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ìlà mẹ́rin gún. Ti káfíńtà oníka mẹ́ta pàápàá gún. Ìkarùn-ún nìkan ló ń gbọ̀n.

“Ọjà yìí dáa o,” ni káfíńtà ń wí, “èmi náà máa ra ọ̀kan fún…” Ojú rẹ̀ ti dé orí ìlà karùn-ún. Ó wo ìlà náà, ó wo Bàbá, ó wá ní òun ti gbé gọ́ọ̀mù sórí iná, ó sì kọjá sẹ́yìn ilé. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan lórí iná.

Bàbá Lẹ́tà jókòó sórí pákó níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú ojú rẹ̀, ó na ìka, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọjà tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó fi tòsì dì í mú, ó jọ pé ó dúró. Ó tú u sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rántí pé láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ìgbàkígbà tó bá fọwọ́ sí ìwé ní báǹkì tí kò sì dáa, bírò wọn ló máa ń bú. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ẹ̀rù náà gbà á lọ́kàn tán. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òun ni, báwo wá ni tinú Ọ̀gá ṣe ń gún?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí tíì, ó gbé Ọ̀gá síwájú ọmọ rẹ̀.

“Ṣé nǹkan yìí máa ń tún ìlà mi ṣe?”

Ọmọ náà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Ó ní ohun tí wọ́n ń tàn nínú ẹ̀, Bàámi. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, á bá èèyàn nà á. Gbàǹjo ò ní irú ẹ̀.”

“Ta ló tàn án?”

“Èmi ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tẹ́ ẹ bá mi kọ àkọlé ìwé kan lọ́dún tó kọjá, tẹ́ ẹ pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì, mo tàn án, mo gbé agbára ẹ̀ dé òpin. Lẹ́tà yín wá dáa, inú yín ń dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.” Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Bàbá jágbe. “O wá ń tàn mí jẹ nínú ilé mi! Mo ń fi lẹ́tà yangàn káàkiri, tírẹ́sì ni!” Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun bá ọmọ rẹ̀ wí.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní, “Kì í ṣe òun nìkan, baálé mi. Ẹ wo ife yín.”

Ó wo ife rẹ̀. Tíì inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ.

“Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bu ú bẹ́ẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Tó bá kún, ó máa ń dà yín lára.”

“Mo rò pé tíì ló wọ́n lọ́jà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún gan-an, ibi tó sì ti dùn ún jù ni pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Nínú gbogbo ilé, Gbàǹjo nìkan ni kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì sọ òótọ́ fún un.

“Pa nǹkan náà,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Ìyẹn tó ń na ìlà. Pa á kí n wò ó.”

Ọmọ rẹ̀ pa á. Bàbá fa ìlà kan lójú Ọ̀gá, ó fa òmíràn lójú Gbàǹjo. Ó gbé ojú sún mọ́ àwọn méjèèjì, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Lójijì, ó gbàgbé pé inú ń bí òun. “Ẹ wá wò ó! Wọn ò yàtọ̀! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, bákan náà ni wọ́n ń gbọ̀n!” Ìyàwó rẹ̀ tó ti fẹ́ sunkún bú sẹ́rìn-ín. Kò sí irú èèyàn yìí mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó pe olóòtú ilé ìtẹ̀wé lórí fóònù níbẹ̀, ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ló ń bá òun na ìlà, bí wọn kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olóòtú bi í.

“Bàbá, ta ló ń pinnu ibi tí ìlà máa gbà?”

“Èmi ni.”

“Ẹ bá wa kọ ọ́ nígbà náà, sà.”

Bàbá ní kí ọmọ rẹ̀ tan nǹkan náà padà. Ọmọdé tó ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kò gbọdọ̀ bá òun gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó tàn án, ó gbé agbára rẹ̀ dé òpin, ó ní Ọ̀gá kò ní í bá òun lọ mọ́, Gbàǹjo lòun máa gbé lọ. “Ó tó mi í fi ṣiṣẹ́, Bàámi. Ọwọ́ mi ṣì le. Àwa tọ́wọ́ wa le ò tiẹ̀ mọ ohun tá à ń san gbogbo owó yẹn fún.” Kò sì banú jẹ́ mọ́ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Mọ́ńdè láti lọ rí dókítà, kí wọ́n mú ìlà márùn-ún náà dání.

Bàbá ti ife rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀. “Bu ú kún.”

Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú, ó bu ú dé etí. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ó dà sínú sọ́sà, ó dà sórí aṣọ tábìlì, ó dà sí i lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sábẹ́ itan kó má baà nà án sí i. Ife náà dé ẹnu. Ó mu ún tán pátá, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bu òmíràn.