Iná Ọmọ Oṣù Méje

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, igbó àgbọn ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́ tí ẹ ń wò yìí, omi ọ̀sà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá mi ń pẹja, ìyá àgbà tó bí wọn ń yan án tà. N kì í fẹ́ sọ ìtàn yìí, àmọ́ ẹ ti ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ.

Ìgbà òjò ni ìyá mi bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí láyé, oyún oṣù méje. Ọmọ náà kò ju ẹja ẹ̀pìyà ńlá lọ, ara rẹ̀ sì tutù. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni. Ìyá àgbà ní bí kò bá rí ooru títí di ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ, kò ní í dúró. Wọ́n gbé àdògán, ààrò amọ̀ tí a fi ń dáná, kúrò ní ahéré ẹja wá sí yàrá ìyá mi, wọ́n sì dá iná igi sí i. Iná náà kò gbọdọ̀ kú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ ti ń fa ọmú, bàbá mi sì ti ra oyin àti ataare pamọ́. Inú wa dùn, kí n má parọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá àgbà gbé ẹja lọ tà kó tó bàjẹ́, wọ́n ní kí n jókòó ti iná. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ọjà gan-an ni àgbà ilé wa wà. Lọ́sàn-án, igi gbígbẹ tán. Ìyá mi ti sùn lọ, n kò fẹ́ jí wọn. Mo sáré lọ sí ahéré, mo kó èèpo àgbọn tí a rẹ sómi wá. Èéfín la ń wá lára èèpo tútù yẹn, kí ẹja lè pọ́n. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí a bá dà á síná, iná náà kì í tètè kú, ìyẹn nìkan ni mo rò.

Mo dà á sínú àdògán. Kí n tó mọ̀, yàrá ti ṣú fún èéfín. Ọmọ ń wúkọ́, ikọ́ kékeré báyìí. Ìyá mi jí gìrì, wọ́n gbé e sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè mí, sínú òtútù òjò. A kò rí i gbé wọlé mọ́, nítorí èéfín náà kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà yóò fi dé, ẹnu ọmọ ti dúdú. Wọ́n gbé e lé àyà wọn lásán ni.

Wọ́n wo àdògán, wọ́n wò mí. "Iná ẹja lo dá fún ọmọ." Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìyá mi kò tilẹ̀ bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n yín bí ọmọ oṣù méje nílé ìwòsàn kan. Wọ́n gbé ọmọ sínú àpótí gíláàsì tó ń móoru, kò sí igi, kò sí èéfín. Mo ní, áà, ayé ti yí padà. Ni iná bá lọ. Wọ́n ń sáré wá epo sí jẹnẹrétọ̀, mo sì dìde jókòó, mo dìde jókòó, mo mọ òtútù yẹn. Kí epo tó dé, ara ọmọ ti tutù, ẹ kúkú mọ ibi tó já sí. Ọjọ́ kẹfà náà ni, òun náà kò sì lórúkọ.